Kọ̀ǹpútà Ìdí Àtẹ̀gùn

"Kò sí níbẹ̀," ni Adéjìmí ń wí nínú fóònù. "Mo ti wò ó títí ojú ń ro mí. Kò síbi tí wọ́n kọ dòméènì sí."

"Ẹ tún un wò, Bàbá Fuad." Orí àga gbọọrọ ní pálọ̀ wọn ní Ladi-Lak ni Munirat fẹ̀yìn tì sí. Ó fi ọwọ́ òsì di ikùn mú, nítorí ojú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi yọ ìju inú ilé-ọmọ fún un lọ́sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn kò tí ì jinná tán. "Ṣé ẹ ti tẹ ibi tí mo ní kí ẹ tẹ̀?"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ tí ẹ̀rọ náà wà nìkan ló ń béèrè. Kò tilẹ̀ mẹ́nu ba dòméènì rárá."

Munirat fura. Ọdún márùn-ún ni kọ̀ǹpútà òun ti wà nínú dòméènì ilé ìtẹ̀wé wọn ní Shomolu, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ta ni yóò tún máa bi ọmọ ilé léèrè agboolé tí ó ti wá?

"Bàbá Fuad, kọ̀ǹpútà wo lẹ wà nídìí ẹ̀?"

Ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni Munirat ń gbọ́.

"Tuntun kan ni," ni ọkọ rẹ̀ sọ níkẹyìn.

"Tuntun kẹ̀? Tèmi wá ńkọ́?"

"Fọkàn balẹ̀ ná. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ilé kéú ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Hameedat, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti lọ."

Munirat pa fóònù láì dágbére.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ohun tí wọ́n ń pè ní dòméènì yìí, bí agboolé ló rí. Àgbà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní sáfà, tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni baálé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà ní ìpamọ́, kọ̀ǹpútà tó bá sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ló ń wọlé wọ̀de lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé orin ìjọ kan ní etí ọ̀sà Bariga wà nínú rẹ̀ báyìí, àwọn ará Ìlàjẹ ló pọ̀ jù nínú ìjọ náà. Oṣù méje ni Munirat fi tẹ orin ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, tàmì-tàmì, títí òun tí í ṣe Mùsùlùmí fi há èyí tó pọ̀ nínú wọn sórí. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń to ojú ewé ìwé bí irú èyí. Iṣẹ́ náà ti tóbi kọjá ohun tí dísíkẹ́ẹ̀tì lè gbé. Ọjọ́rú lòní, ìkórè ìjọ náà sì di ọjọ́ Àìkú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé orin ló dùn ún jù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni kò fi sí níbi iṣẹ́, wọ́n ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí kò sí nílé ni ewúrẹ́ rẹ̀ ń bí akọ. Ta ni Adéjìmí gbà sípò òun? Ó wẹ̀, ó wọ bùbá fífẹ̀ kan, ó dá takisí dúró, ó sì ní kí dẹ́rẹ́bà rọra máa bá ihò ojú ọ̀nà lò.

Bàbá Ikúmápàyí, àgbà tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, ló kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé.

"Ìyàwó wa! Ta ló ní kóo jáde? Ṣé ara ti wá le?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo dúpẹ́. Ta lẹ gbé sórí ìjókòó mi lókè?"

"Ìjókòó rẹ wo lókè?" Bàbá ya ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìjókòó rẹ rèé."

Ìdí àtẹ̀gùn tí wọ́n máa ń kó àjákù pépà sí tẹ́lẹ̀ ti mọ́ fónífóní. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà funfun. Tábìlì wà níbẹ̀, àga onítìmùtìmù, fáànù kékeré kan, àti kọ̀ǹpútà tuntun tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Wáyà kan ti òkè sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó wọ́ bí ipa ọ̀nà eku.

"Ọkọ rẹ ní dókítà ní o ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn fún oṣù mẹ́ta," ni Bàbá Ikúmápàyí wí. "Òun ló kan wáyà yẹn fúnra rẹ̀. Ó fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ní kí ẹnikẹ́ni má ran òun lọ́wọ́."

Adéjìmí dìde nídìí tábìlì, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi. "Mo fẹ́ kóo kàn wọlé lọ́jọ́ kan, kóo bá a níbẹ̀ ni."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Munirat ti tò sẹ́nu láti Ladi-Lak pòórá. Ó jókòó, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ń di ikùn mú.

"Bàbá Fuad, kí lẹ sọ fún ẹni tó tà á fún yín?"

"Mo ní ìyàwó mi ni mò ń rà á fún."

"Ló bá ta èyí tí wọ́n ṣe fún ìlò ilé fún yín. Irú èyí kì í wọ dòméènì. Wọn ò dá ibẹ̀ mọ́ ọn."

Ojú Adéjìmí rẹ̀wẹ̀sì. Bàbá Ikúmápàyí ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ìjọ tèmi gan-an ni o! Èmi ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún wọn."

"Ẹ jẹ́ n ronú ná." Munirat fi ìka lu tábìlì díẹ̀díẹ̀. "Kò lè di ọmọ ilé. Àmọ́ ṣé àlejò kì í jẹun nílé onílé ni? Á kan ilẹ̀kùn, á sọ orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá Fuad, ẹ lọ bá mi wo nọ́ńbà sáfà lókè."

Adéjìmí gùnkè. Kò pẹ́ tó fi kígbe sílẹ̀ pé sáfà ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù.

Munirat wolẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n láyé yìí.

"Ìyá Fuad! Kí ni páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀?"

"Akọ̀wé Fádèyí," ló dáhùn wẹ́lẹ́.

"N ò gbọ́ o!"

"Akọ̀wé Fádèyí! Ẹ kọ ọ́ papọ̀, ẹ má fi àmì sí i!"

Bàbá Ikúmápàyí yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Kí wọ́n tó fẹ́ra, ibùdókọ̀ Fádèyí ni Adéjìmí ti máa ń dúró de Munirat nírọ̀lẹ́, bírò méjì nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Munirat àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn.

Orí Adéjìmí yọ lókè àtẹ̀gùn. "Ṣé láti ọdún márùn-ún ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, ká ríṣẹ́ ṣe!"

Adéjìmí ka nọ́ńbà náà sílẹ̀. Munirat kọ ọ́, kọ̀ǹpútà sì béèrè ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ dáhùn, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó tún ronú, ó wá fi orúkọ dòméènì ṣáájú orúkọ rẹ̀, bí ẹni tó ń dárúkọ agboolé kó tó dárúkọ ara rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo iṣẹ́ inú sáfà tò sójú rẹ̀. Ó ṣí ìwé orin. Àmì ò yingin lórí lẹ́tà kan.

"Ògo ni f'Ólúwa!" Bàbá Ikúmápàyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Adéjìmí sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Lọ́la ni mo máa gbé e padà, kí wọ́n fún mi ní ti ọ́fíìsì."

"Ẹ fi sílẹ̀. Ibi tí ẹ gbé e sí dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi mí léèrè kí ẹ tó gbé nǹkan mi fún èèyàn."

"Mo gbọ́. Má bínú."

Munirat yíjú sí i. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ká ní mi ò jáde, báwo lẹ ṣe máa ṣí sáfà yẹn?"

"Munirat." Kì í sábàá pè é lórúkọ. "Lọ́jọ́ yẹn, n ò rántí pé mo ní ilé ìtẹ̀wé."

Munirat kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó fi etí bùbá rẹ̀ nu omijé.

"Bàbá Ikúmápàyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àga kan wá."

"Kí ló ṣe èyí tóo wà lórí ẹ̀?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Bàbá Fuad ló fẹ́ jókòó."

Nígbà tí àga dé, ó sún fún ọkọ rẹ̀, ó sì ti pátákó lẹ́tà síwájú rẹ̀.

"A ò tí ì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé yìí," ló wí. "Èmi á máa pè é, ẹ̀yin ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má kánjú o."

Adéjìmí na ìka kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà àkọ́kọ́.