Ọwọ́ Tó Ya Wàláà Qaanitah

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, tí àwọn ọmọ kéwú bá ti túká tán, Ganiat àti Qaanitah á jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kéwú Àáfà Mùtíù, lẹ́yìn òpópónà Adéníji Adélé, wọn á gbé pákó lé itan, wọn á sì máa ya ọ̀ṣọ́ sí etí wàláà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Qaanitah. Ganiat tó ń kọ́ ọ ti lé ní ogún ọdún dáadáa, bàbá rẹ̀ ló sì kọ́ òun náà kí ọlọ́jọ́ tó dé. Nígbà ayé bàbá yẹn, ó ṣòro kí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan tó ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ ìparí Kùránì, láìgbé wàláà aláràbarà dání lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ti fi tàdáà, yíǹkì àwọn oníkéwú, kọ áyà Kùránì tí ọmọ fẹ́ kà sí àárín pákó, wọ́n á wá fi ewé, okùn àti òṣùpá yí i ká, débi pé ẹni tí kò mọ álífù pàápàá á na ọrùn wò ó.

Ayé ìsinsìnyí kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tẹ sítíkà aláwọ̀ mèremère, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ó parí. Ganiat mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, torí pé òun wà lára àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ìdí kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Túnjí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìdúmọ̀tà, tó ń tẹ fléẹ̀sì ìsìnkú, sítíkà ọjọ́ ìbí, àti àwòrán àwọn olóṣèlú tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ a ti lọ sórí ẹní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ ọn nípa Qaanitah ni pé ọmọ náà kì í ṣe àwòkọ. Tí Ganiat bá ya ewé fún un, á wò ó, á dákẹ́, á wá ya tirẹ̀ bíi pé ewé náà ní ibì kan tó ń lọ. Oṣù mẹ́rin ló fi ya wàláà tí yóò gbé dání lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ áyà náà sínú ìwé fún Àáfà Mùtíù kó bá a yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ló wá fi kálàmù, gègé oníkéwú, gbé e sórí pákó. Ganiat kò fọwọ́ kàn án. Nínú ilé kéwú yẹn, kò tíì sí ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ya wàláà wòlímọ̀ rẹ̀ rí, Ganiat sì ti ń rí ọjọ́ náà lójú inú: ọmọ á dìde, á gbé pákó sókè, àwọn èèyàn á bèèrè ta ló yà á, ọmọ á ní, èmi ni.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wòlímọ̀ náà wáyé, ní Tọ́sìdè, ni Àlímọ̀t, ìyá Qaanitah, gun òkè wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn náà ló ti ń ta ṣájà àti okùn fóònù.

"Ganiat, wá wo ohun tí fóònù mi bí."

Ápù kan ló wà nínú fóònù náà tí èèyàn á kàn sọ ohun tó fẹ́ fún, tí á sì yà á kí onítọ̀hún tó wúkọ́. Àlímọ̀t ti ní kó ya wàláà ọmọbìnrin tó ń ṣe wòlímọ̀. Góòlù ń dán yinrin létí rẹ̀, mọ́ṣáláṣí méjì wà lẹ́yìn, ojú Qaanitah tí ẹ̀rọ ti kùn ní àtíkè wà lókè, kéwú sì tò lọ rẹrẹ ní àárín.

Ganiat wò ó. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó tún un wò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n kọ síbí yìí?"

"Kéwú ni. Àbí o ò rí i ni?"

"Kéwú kọ́ mà. Ó kàn jọ kéwú ni. Èyí ò sí nínú lẹ́tà kankan, èyí tó tẹ̀lé e ní ìdí, kò lórí. Kò sẹ́ni tó lè kà á, Lárúbáwá gan-an ò lè kà á."

Àlímọ̀t gba fóònù rẹ̀. Òun náà ò mọ kéwú tayọ èyí tó ń fi kírun, kò sì dùn ún rí àfi lọ́jọ́ náà tí ọmọ àná ń tọ́ka sí i lójú oníbàárà mẹ́ta. "Ìgbà wo lo di Àáfà, ìwọ Ganiat? Fóònù tó mọ ọ̀nà dé Mẹ́kà, ṣé kéwú ló máa wá ṣì kọ?"

"Mà, Qaanitah ti ya tirẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi..."

"Mo ti rí i. Ó dáa fún ọmọdé." Bí èèyàn ṣe ń yin ọmọ tó fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. "Àwọn ẹbí bàbá ẹ̀ ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Fídíò tí wọ́n bá yà á ti dé Wáásáàpù ká tó jẹun tán. Ṣé pákó tó dà bíi pé ewúrẹ́ jẹ ẹ́ létí ni kí n gbé sí wọn lójú? Tẹ èyí fún mi. Kó dán o."

Ganiat wo ọ̀gá rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Túnjí, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, kò sì gbójú sókè kúrò nídìí ẹ̀rọ tó ń tún ṣe. "Ohun tí kọ́sítọ́mà bá gbé wá la máa ń tẹ̀," ó ní. "Tó bá ṣi orúkọ ara rẹ̀ kọ wá, a ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. A kì í ṣe tíṣà."

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ Kùránì ni."

"Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kì í ṣe kéwú."

Àlímọ̀t bú sẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà bá a rín in. Ganiat jókòó pa dà sídìí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ fún un ló ká a lára jù. Ohun tó ká a lára ni pé wọn kò tilẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń kọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, ó yà ní ilé kéwú, ó sì gbé pákó Qaanitah níbi tó kọjú sí ògiri. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó wá yọ kéwú irọ́ kúrò nínú iṣẹ́ Àlímọ̀t, ó yọ etí góòlù rẹ̀, ó sì fi kéwú Qaanitah àti ewé Qaanitah rọ́pò wọn. Ó kùn wọ́n ní àwọ̀ góòlù kan náà. Ó fi mọ́ṣáláṣí méjèèjì àti fọ́tò alátíkè sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Nígbà tí ẹ̀rọ ń pọ̀ ọ́ jáde, òun nìkan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọwọ́ ọmọ yẹn, ó gba ojú fèrèsé wọlé.

Àlímọ̀t wá gbà á, ó gbé e síwá sẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀. "Ṣé o rí bó ṣe ń dán? Ìwọ lò ń bá mi jiyàn." Góòlù ti kún ojú rẹ̀, kò mọ̀ pé ohunkóhun yí pa dà.

Ní Sátidé, Qaanitah bèèrè pákó rẹ̀. Ganiat ní, "Dúró di ọjọ́ wòlímọ̀. Wàá rí nǹkan." Ọmọ náà wò ó, ó ní ó dáa mà. Pákó náà ṣì wà lẹ́yìn àga Ganiat ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tí wòlímọ̀ bọ́ sí, wọ́n ta kánópì sí ojú ọ̀nà tóóró iwájú ilé kéwú, àwọn ọmọ mẹ́fà tó ń ṣe wòlímọ̀ sì jókòó lórí àga nínú aṣọ funfun. Nígbà tó kan Qaanitah, ìyá rẹ̀ ṣí aṣọ lórí wàláà tó lẹ sítíkà náà mọ́. Qaanitah wò ó. Ojú rẹ̀ rìn lọ sí ewé, ó rìn dé òṣùpá, ó dúró lórí kéwú, ó wá gbójú sókè wá Ganiat láàárín èrò. Ganiat mi orí sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kà á láìgbọ̀n, ó kà á tán, àwọn èèyàn kígbe Ọlọ́hun tóbi.

Àáfà Mùtíù gba máìkì. "Ẹ bá mi wo wàláà yìí. Láyé àtijọ́, ẹni tó máa ya irú èyí á jókòó tì í ní odindi oṣù. Lónìí, kọ̀ǹpútà ti ṣe é láàárín ìṣẹ́jú. Ìmọ̀ tí Ọlọ́hun fún ọmọ èèyàn nìyẹn."

"Ọwọ́ èèyàn ò lè dán irú ẹ̀ wò," ni obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan sọ níwájú.

Qaanitah fa aṣọ Àáfà. "Àáfà, èmi ni mo yà á. Èmi ni mo kọ ọ́."

Máìkì gbé e jáde. Àáfà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa á lórí. "Ẹ gbọ́ o, ó ní òun lòun yà á. Ọmọ tó mọ kéwú tún mọ ẹ̀fẹ̀." Gbogbo abẹ́ kánópì rẹ́rìn-ín. Àlímọ̀t bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀ létí, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè: "Má purọ́ lọ́jọ́ Kùránì ẹ. Màláíkà ń kọ ọ́ sílẹ̀ o." Qaanitah jókòó.

Ganiat jókòó síbi tó wà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga. Tó bá sọ̀rọ̀, ó ti jẹ́wọ́ pé òun yí iṣẹ́ oníbàárà pa dà, Ọ̀gá Túnjí tí Àlímọ̀t pè sì wà ní ìlà kẹta, tó ń jẹ mọ́ínmọ́ín.

Nígbà tí oúnjẹ ń lọ káàkiri, ó rí Qaanitah lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé. Ìrẹsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò fọwọ́ bà.

"Ẹ ní kí n dúró di òní," ọmọ náà sọ.

"Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni. Èyí tí màmá ẹ gbé wá, irọ́ ló wà nínú ẹ̀. Mo yọ ọ́, mo fi tìẹ síbẹ̀, kí tìẹ lè wọlé."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ò bi mí."

Ganiat jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ mẹ́wàá ló ti ń bínú sí Àlímọ̀t, sí Túnjí, sí fóònù, sí gbogbo Èkó pé wọn kò ka ọmọ yìí sí. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mú pákó ọmọ náà láìbi í. Òun ni.

Ó dìde, ó gba àárín àwọn obìnrin kọjá, ó dúró níwájú wàláà. "Ìyá Qaanitah, ẹ jọ̀ọ́ mà. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Kéwú inú fóònù yín kò ṣeé kà, mo yọ ọ́, mo yọ etí rẹ̀ náà. Gbogbo ohun tó wà níbí, yàtọ̀ sí mọ́ṣáláṣí àti fọ́tò, Qaanitah ló fọwọ́ yà á. Èmi ni mo kùn ún ní góòlù. N kò sọ fún yín, n kò sọ fún un."

Túnjí gbé ṣíbí sílẹ̀. "O yí iṣẹ́ kọ́sítọ́mà pa dà nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ká pàdé lọ́la," ó ní, kò sì gbé ṣíbí náà mọ́.

Àwọn obìnrin yí wàláà ká. Obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ tó ní ọwọ́ èèyàn ò lè dán an wò bọ́ sí iwájú wọn, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn.

"Ọwọ́ ọmọdé ni? Abájọ. Mo ti ń wò ó pé okùn yìí wọ́."

"Apá ọ̀tún tilẹ̀ nípọn ju tòsì lọ," ni ẹlòmíràn sọ.

"Òṣùpá yìí ńkọ́? Bí àkàrà tí eku jẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ibi nínú, ìyẹn ló sì mú un burú. Ní wákàtí kan sẹ́yìn, wàláà yìí kan náà kò ní àbùkù. Àlímọ̀t wo pákó, ó wo Ganiat, ó jọ pé kò mọ èwo ni òun ì bá kọ́kọ́ bínú sí. "Nígbà tó o ti gbé e sínú kọ̀ǹpútà," ó ní, "kí ló dé tí o ò bá a tò ó gún?"

Ganiat lanu láti dáhùn. Ohùn mìíràn ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Kò wọ́." Qaanitah ti dé, ó fi èjìká la àárín aṣọ àwọn obìnrin kọjá, ó sì fi ìka tọ́ okùn náà. "Ó nípọn níbí torí ẹrù tó gbé. Ewé méje ló wà lórí ẹ̀, ẹ kà á. Apá ibí ò gbé nǹkan kan, ó wá tín-ín-rín."

"Òṣùpá ńkọ́?" obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ bi í.

"Òṣùpá ààwẹ̀ èṣín ni, èyí tí a rí láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Ìkúùkùu gé e jẹ. Bí mo ṣe rí i nìyẹn. Ṣé ẹ fẹ́ kí n ya èyí tí n ò rí?"

"Ọmọ yìí lẹ́nu o," ni ẹnì kan sọ.

"Ta ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀ báyẹn?" Àlímọ̀t jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò lé e lọ. Ó tẹ̀ mọ́ pákó náà títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó fi èékánná tọ́ igun kan nísàlẹ̀, ìbínú ṣì wà lóhùn rẹ̀. "Èyí náà ńkọ́? Kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Ìyẹn, okùn náà ló..." Ganiat bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́," Qaanitah sọ, láìbojú wẹ̀yìn.

Ganiat sún sẹ́yìn fún un. Atẹ́gùn ọ̀sà ti ń ti wàláà náà lórí àga tí wọ́n gbé e lé. Ganiat yí lọ sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò sí àwòrán kankan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kí ó má baà ṣubú, ó sì ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń to àlàyé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìyá rẹ̀ ń bá a jiyàn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.