Ìka Méjì Ìyá Òṣùwọ̀n

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà wá sí ẹ̀gbẹ́ láìnì kẹta nílé iṣẹ́ wọn ni ìdí Ìyá Òṣùwọ̀n kò ti gba ìjókòó mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á tún yíjú padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń wá, á ní òun ò wá nǹkan kan. Irọ́ ni. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ohun tí kọ̀ǹpútà náà ń kọ nípa rẹ̀ ló ń wá.

Ilé iṣẹ́ tí à ń wí yìí, ìfun ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ìfun tó ti inú ẹran wá o. Ìfun àtọwọ́dá ni, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn tó ń ṣe sọ́séèjì máa ń ki ẹran lílọ̀ sí. Wọn á fọ awọ màlúù, wọn á lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná, wọn á pò ó, ẹ̀rọ á wá tì í gba ẹnu irin róbótó kan jáde. Bó ṣe ń jáde ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú kó má baà lẹ̀ mọ́ra, á sì máa gùn lọ wọ inú ihò gbígbóná tí yóò ti gbẹ. Ọwọ́ atẹ́gùn yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Bó bá pọ̀ jù, ìfun á bẹ́. Bó bá kéré jù, á sún kì. Ẹni tó dúró ti láìnì, ìyẹn ìlà ẹ̀rọ náà, ló ń fi ọwọ́ irin kékeré kan fi kún un, òun náà ló ń dín in kù.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti dúró ti láìnì kẹta. Ẹ̀yìn ìka méjì ló máa ń fi kan ìfun tútù náà bó ṣe ń kọjá, á dijú, á sì yí ọwọ́ irin díẹ̀. Bó bá ní ó tó, ó ti tó nìyẹn. Àwọn tó ní irin iṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan gan-an, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà wá bi í léèrè kí wọ́n tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Òṣùwọ̀n, orúkọ náà sì bá a délé. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kì í pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Àmọ́ ìka méjèèjì ti kú. Omi yìnyín àti ásíìdì tí wọ́n fi ń po awọ ló pa wọ́n, díẹ̀díẹ̀, láìsí ariwo. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ó ń gbé ìkòkò sọ̀ nílé, ni ọkọ rẹ̀, káfíńtà tí ìbàdí dídùn ti lé kúrò nídìí iṣẹ́, bá béèrè láti pálọ̀ pé, "Kí ló ń jóná níbẹ̀ yẹn?" Ó ní kò sí nǹkan tó ń jóná. Ó wá wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé ìka òun ni. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀.

Etí ló wá fi ń ṣiṣẹ́ látìgbà náà. Atẹ́gùn máa ń súfèé ní ẹnu irin yẹn. Bó bá ti fẹ́ pọ̀ jù, ìfé náà á tín-ín-rín. Bó bá ti fẹ́ kéré jù, á ki. Ó ṣì ń fi ìka kan ìfun, ó ṣì ń dijú, ṣùgbọ́n àṣehàn lásán ni. Ìfun rẹ̀ kò sì bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àfi ìgbà tí máníjà pe àwọn mẹ́rin tó ń dúró ti láìnì jọ. Máníjà yìí kò fẹ́ràn kí ọwọ́ rẹ̀ tutù, orí ìka nìkan ló máa ń dì mú bó bá ń bọ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́.

"Láìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn," ó ní. "Ẹnì kan ṣoṣo la máa fi sílẹ̀ láti máa bójú tó wọn. Ẹni tí ẹ̀rọ bá rí ẹ̀kọ́ kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ jù ni. Àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ ó lọ sinmi nílé."

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Òṣùwọ̀n. Ọkùnrin láìnì kìíní, tó máa ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù láàárọ̀ dalẹ́, tiẹ̀ kí i kú oríire. Inú Ìyá Òṣùwọ̀n dùn, ẹ̀rù sì bà á. Kò fẹ́ lọ sinmi níbì kankan. Bí ó bá délé láì jẹ́ òṣùwọ̀n ẹnikẹ́ni, kí ni yóò wá kù tí yóò máa jẹ́?

Ẹnjiníà dé. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ó fi pẹ́ńsùlù gún irun. Ó gbé kámẹ́rà sókè ìfun kó máa wo bó ṣe fẹ̀ tó, ó so wáyà mọ́ ọwọ́ irin. "Màmá, ẹ ṣáà máa ṣe é bí ẹ ṣe ń ṣe é," ó ní. "Ẹ̀rọ á máa wò yín, á sì máa kọ́ ọ."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó mú bébà gbọọrọ kan wá. Máníjà ń tẹ̀ lé e.

"Màmá, ẹ wo ibí. Ìgbà méjìlá lẹ ń dín atẹ́gùn kù lójúmọ́ láìnídìí. Ẹ̀rọ sì ti kọ́ ọ, òun náà ti ń dín in kù. Mo wo àsìkò ẹ̀ títí, ìgbà tí ọkọ̀ agbẹ́rù kékeré inú ilé iṣẹ́ bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni. Kí ni ọkọ̀ yẹn ń fi ìfun ṣe?"

Ọkọ̀ náà kò fi ìfun ṣe nǹkan kan. Ariwo rẹ̀ ló máa ń bo ìfé mọ́lẹ̀, bí Ìyá Òṣùwọ̀n kò bá sì gbọ́ ìfé mọ́, á yára dín atẹ́gùn kù. Kàkà kí ìfun bẹ́, kó kúkú sún kì. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe é tó ìgbà méjìlá. Ẹ̀rọ aláìlẹ́nu ló wá ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un lójú ọ̀gá.

"Ilẹ̀ ló ń mì," ó ní. "Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, ilẹ̀ á mì, ìfun á gbọ̀n. Ìka mi máa ń mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Ẹnjiníà pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yìí o!"

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti yí ọ̀nà ọkọ̀ agbẹ́rù padà. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ awọ ni wọ́n ní kó máa gbà, ọ̀nà tóóró kan láàárín ògiri àti àwọn àgbá ńláńlá tó ń yí awọ nínú omi. Àgbá wọ̀nyí ń pariwo débi pé ẹni tó bá dúró tì wọ́n kò ní gbọ́ bí wọ́n bá fọn fèrè sí i létí. Ẹni tó sì ń dúró tì wọ́n ni àbúrò Ìyá Òṣùwọ̀n, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tó jẹ́ pé Ìyá Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ló mú un wọ ilé iṣẹ́ náà.

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá Òṣùwọ̀n á yí ọwọ́ irin, á sáré lọ yọjú sí ibi àgbá, á sáré padà. Ìgbà mẹ́rin ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n rò pé inú ló ń run ún.

Ọjọ́ kẹta, nígbà ìsinmi ọ̀sán, àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Orí àbúrò rẹ̀ wà lásán.

"Fìlà iṣẹ́ rẹ dà?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi!" Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ agbẹ́rù ló gbé e lọ. Mo kàn yíjú báyìí, irin ẹnu ẹ̀ kọjá lórí mi fìrì, fìlà ti bọ́ sínú omi. Wọ́n sì máa ń sọ pé ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́. Èmi ti dúpẹ́ o. Fìlà ni mi ò tíì rí."

Ìyá Òṣùwọ̀n kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kí wọ́n máa gba ibẹ̀?"

"Wọ́n ní torí láìnì tiyín ni. Wọ́n ní ilẹ̀ ń mì." Àbúrò wò ó. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ń wò mí báyìí?"

Nílé nírọ̀lẹ́, Ìyá Òṣùwọ̀n ń rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. "Jókòó, obìnrin yìí," ni ọkọ rẹ̀ wí, "o ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbẹ́ kòtò sí pálọ̀ mi." Ni ó bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún un. Òun náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ rí pẹ̀lú omijé.

"Òṣùwọ̀n," ó ní, "fìlà lọkọ̀ ṣí lónìí."

Ó wá fa àga sún mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Òṣùwọ̀n lọ bá ẹnjiníà nídìí kọ̀ǹpútà. "Ọmọ mi, ilẹ̀ ò mì. Irọ́ ni mo pa. Ìka mi ò mọ nǹkan kan mọ́." Ó na ìka méjì síwájú, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ojú ń tì í. "Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà padà sí ọ̀nà ẹ̀, kó tó pa ọmọ ìyá mi."

Ẹnjiníà fa pẹ́ńsùlù yọ nínú irun, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ ìka náà. "Ṣé ẹ ń mọ̀ ọ́n?"

"O ti fi kàn mí ni?"

Omi lé sí ọmọ náà lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́, ìbéèrè sì ti ń jó o lẹ́nu. "Báwo lẹ wá ṣe ń mọ̀ pé atẹ́gùn ti tó?"

"Ó máa ń súfèé." Ìyá Òṣùwọ̀n sì sú u fún un: èyí tó ki, èyí tó dára, èyí tó tín-ín-rín tó ti fẹ́ bẹ́. Ó rí i bí ojú ẹnjiníà ṣe là. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti fi ohun tó kù lọ́wọ́ òun tọrẹ.

Kí oòrùn tó kàn tàrí, ọkọ̀ agbẹ́rù ti padà sí ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹnjiníà fi máìkì kékeré kan sínú ọ̀pá atẹ́gùn, níbi tí ariwo ọkọ̀ kankan kò lè dé. Kámẹ́rà máa ń pẹ́ kó tó rí ewu. Máìkì kì í pẹ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, ìfun kan kò bẹ́, ọwọ́ irin sì ń yí fúnra rẹ̀.

Máníjà pe gbogbo wọn jọ. Ó ní ẹ̀rọ kò rí ẹ̀kọ́ kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti Ìyá Òṣùwọ̀n. Ó ní ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iná wà nítòsí ihò gbígbóná, nítorí náà ọkùnrin láìnì kìíní ni yóò dúró. Ọkùnrin náà kò jẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́.

Àbúrò sún mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, inú ń bí i, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. "Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí fìlà?"

"Nítorí orí tó wà lábẹ́ ẹ̀."

Máníjà wá síwájú. Ó di orí ìka Ìyá Òṣùwọ̀n méjèèjì mú bí àṣà rẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ ọdún mọ́kàndínlógún. Lẹ́yìn wọn, láìnì kẹta ń súfèé, ó dún dáadáa, kò ki, kò tín-ín-rín. Ọ̀rọ̀ máníjà parí, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Òṣùwọ̀n rọra wo ìsàlẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá máníjà ti fi ìka òun sílẹ̀.