Ẹyẹ Ara Pọ́ọ̀sì Màmá Mi

Tí irọ́ ẹyọ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹ̀rọ tí Ilyas fi ń gẹ irun mi yìí fá irun ojú mi méjèèjì lọ. Abdulfatah, má rẹ́rìn-ín! Sáà fetí sílẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé màmá mi tọ́jú ìyá òyìnbó kan ní Hampton, nílùú òyìnbó níbí. Ìyá yẹn dàgbà débi pé igi iwájú ilé ẹ̀ ń kí i ní "ẹ káàárọ̀, mà." Kó tó kú, ó fún màmá mi ní pọ́ọ̀sì sílíkì kan. Ìyá-ìyá ẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya ẹyẹ búlúù sí i lára. Ẹyẹ yẹn jọ ẹyẹ débi pé ológbò fò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì! Nígbà tí màmá tèmi náà kú, pọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni mo mú jáde nínú ilé. Aunty Bridget tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì gbà mí sílé wọn ní Riverdale. Mo ní kí wọ́n bá mi fi pọ́ọ̀sì náà pamọ́, torí èmi lè gbàgbé orí mi sínú mọ́tò.

Aunty Bridget mọ káàdì ṣe. Kì í ṣe ti mall o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é: òdòdó gbígbẹ, lẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ dídùn tó lè mú ọlọ́pàá sunkún. Ẹni tó bá gbà á, inú Bíbélì ló ń fi í sí títí ayé.

Ní Mother's Day, wọ́n pín in fún gbogbo ìyá ìjọ. Èmi ni mo ń gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé wọn, àpòòwé nìkan ni mò ń rí. Mama Joanna ṣí tiwọn, wọ́n pariwo: "Ẹ wo bí ẹyẹ yìí ṣe rẹwà!"

Orí ẹyẹ màmá mi ni. Ìyẹ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ Mama Adéṣínà, ìrù ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Gbogbo ìyá ìjọ ló mú màmá mi díẹ̀díẹ̀ dání. Ọwọ́ tèmi nìkan ló ṣófo.

Inú bí mi, mo fò sókè, orí mi gbá àjà ṣọ́ọ̀ṣì!

"Irọ́," Abdulfatah ní. "Kí lo ṣe gan-an?"

Ó dáa, mo dọ̀bálẹ̀. Ta ló ń bá àgbà jà lórí ìdúró? Ilẹ̀ ni mo ti bínú. Mo ní, "Aunty, pọ́ọ̀sì màmá mi lẹ gé yìí, mà."

"Màmá ẹ báwo? Ṣebí ìwọ lo sọ pé ọbabìnrin kan ló fún ẹ, tóo tún ní o gbà á lẹ́nu ajá. O tún sọ fún Rachael ní ṣọ́ọ̀ṣì pé o jẹ ẹ́ ní tẹ́tẹ́. Èwo ni kí n gbà?"

"Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn, mà. Ẹ̀ bá bi mí kẹ́ẹ tó gé e."

Wọ́n wolẹ̀. Ohùn wọn wálẹ̀. "Mo mọ̀ pé tí mo bá bi ẹ́, o ò ní gbà."

Ẹ gbọ́ ọ? Wọ́n mọ̀!

Mama Joanna na káàdì wọn sí mi. Mo ní kí wọ́n máa mú un. Kí ni mo fẹ́ fi orí nìkan ṣe?

Bí mo ṣe kẹ́rù mi kúrò nílé wọn nìyẹn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Douglasville, trélà ń yà fún mi lórí highway...

"Fẹ́misí," Ilyas ní, "mọ́tò ẹ ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ Sunday. Mo rí ìrọ̀rí nínú ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

"Ó tó," Abdulfatah ní. "Dìde, máa lọ sílé."

"Ilé wo?"

Ilyas tú aṣọ kúrò lọ́rùn mi, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan.

"Ilé mi. Ọbẹ̀ wà nínú fìríìjì. Máa lọ sílé, jàre."