Surukuku àti Ojú Aboyún

Abẹ́ igi kastánya ni surukuku, ejò olóró inú igbó wa, ti bu Odorico ṣán. Èso jọ pelemọ sórí ewé gbígbẹ. Ejò náà ká jọ sáàárín wọn, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tiwọn. Odorico na ọwọ́ láti ṣà á bí èso. Èmi tí a jọ ń ṣa èso ni mo gbé e kọ́ èjìká dé ilé rẹ̀ létí odò.

Filomena, ìyá rẹ̀, dí ẹnu ọ̀nà, ó sì béèrè ohun tí gbogbo wa máa ń béèrè kí a tó gbé ẹni tí ejò bù ṣán wọlé.

"Ṣé aboyún kankan wà níbí? Kó má fojú kàn án o! Bó bá wò ó pẹ́nrẹ́n, oró á ru sí i."

Zulmira, ìyàwó Odorico, ń sáré bọ̀ láti ibi tí ó ti ń yan gààrí. Ó dúró sójú kan. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí. Nítorí náà ni kò ṣe tíì sọ ti oyún tuntun yìí fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ rẹ̀. Bí ó bá pa ẹnu mọ́, ẹ̀gbẹ́ orí ọkọ rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì fi ọwọ́ lé ikùn.

"Ọlọ́run mi!" ni Filomena wí. "Ọmọ mi, bọ́ sẹ́yìn ilé."

Zulmira jókòó sẹ́yìn ògiri pákó. Àwa gbé Odorico wọlé, a ń retí ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì àbúrò mi tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

"Zulmira dà?" ni Odorico béèrè.

"Ó ń bọ̀."

"Àbí ó ti lọ wá ọkọ mìíràn ni? Ẹ ní kó mú èyí tó mọ ejò yàtọ̀ sí èso."

A gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rín tí ó di ẹkún kí ó tó parí. Odorico kọ ojú sí ògiri. Ọmọ igbó wa ni. Ó mọ irú obìnrin tí í dúró síta nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó rọra wí, "àbí ohun tí mo rò ni?"

Zulmira ti ọwọ́ bọ inú àlàfo pákó. Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ tí kò wú dì í mú.

"Má wọlé o. Jọ̀ọ́, má wò mí. Mo fẹ́ rí ọmọ yìí."

Nígbà tí ọkọ̀ dé, a gbé e kọjá níwájú Zulmira. Ó fi aṣọ bo orí, ó sì tẹ ojú mọ́lẹ̀. Etí nìkan ni ó fi sìn ín. A kò tíì rí ìlú lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí Odorico kú. A yí ọkọ̀ padà.

Ibi tí a fi Zulmira sí ni a bá a, aṣọ ṣì wà lórí rẹ̀. Ìró ẹ́ńjìnnì tí ó tètè padà ti sọ ohun gbogbo fún un.

"Ìyá," ó wí, "ṣé mo lè wò ó wàyí?"

"Wò ó, ọmọ mi. Ojú rẹ kò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́."

Oró ti mú kí apá, ọrùn àti ojú Odorico wú kọjá ohun tí ènìyàn lè dá mọ̀. Zulmira wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wá ọwọ́ tí kò wú kàn, ó sì gbé e lé ikùn ara rẹ̀.