Eyín Tó Ń Já Òwú

Ìyá àgbà náà fi ìka méjì gbé àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó sì fi í sílẹ̀.

“Ẹ ṣeun o, Dókítà. Ó rẹwà. Ó rẹwà ju bí mo ṣe bí i lọ. Àmọ́ ojú ọmọ mi kọ́ nìyí.”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro. Láti àárọ̀ kùtù ni dókítà obìnrin náà ti wà lórí ìdúró, àgbọ̀n kan àti eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló ti tò, ọ̀sán ò sì tíì pọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní Ìyá Wáyà, nítorí pé kò sí àgbọ̀n tó ṣẹ́ tí kò ní fi wáyà dì.

“Ojú rẹ̀ ṣì wú ni, Màmá. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa dá a mọ̀.”

“Mo mọ ojú tó wú.”

Télọ̀ ni ọmọ náà, ọkùnrin ogójì ọdún. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ló ń gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé, ó sì fi àgbọ̀n lu irin náà. Ẹ̀rọ ṣì ń ránṣọ. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló ṣẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì, apá iwájú wá ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Dókítà fa apá tó ń mì yìí sẹ́yìn títí eyín òkè fi yọ síwájú ti ìsàlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì fi wáyà so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ pinpin. Àwòrán eegun rẹ̀ dára débi pé ọ̀gá àgbà gbé e kọ́ sára pátákó káwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa wò ó. Ìwúrí ọjọ́ náà ò tíì tán lára Dókítà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín gbẹ̀yìn.

“Àgbọ̀n bàbá rẹ̀ ló gbé wáyé,” ìyá náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú. Ṣọ́bìrì ni wọ́n ń pè é nílé ìwé.”

Télọ̀ di ojú. Ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀, kò sì lè la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ yẹn rán Dókítà létí nǹkan kan. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó fa ìwé pélébé kan yọ. Níjẹta ni Télọ̀ kọ ọ́ sí i: Eyín mi ò pàdé. Ó kà á níjọ́ náà, ó fọwọ́ kan an léjìká, ó ní ó máa mọ́ ọn lára. Gbogbo aláìsàn ló máa ń kọ bẹ́ẹ̀.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ká ètè òkè. Ihò tínrín kan wà létí eyín iwájú, bíi pé wọ́n fi ayùn fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó ti rí i tẹ́lẹ̀; ó tilẹ̀ kọ ọ́ sínú fáìlì pé ìṣubú ló kán an. Ó wá ká ètè ìsàlẹ̀. Òmíràn wà níbẹ̀, ó sì ń dán. Ohun tó kán lọ́jọ́ mẹ́rin kì í dán.

“Màmá, kí ló fi ń já òwú?”

“Eyín ni, látìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Mo sọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí títí ó fi sú mi.”

Òwú ló jẹ ihò méjèèjì, ó sì yẹ kí wọ́n pàdé, àmọ́ wọn ò dojú kọ ara wọn. Tí eegun bá fi lè mọ́ra báyìí, àfi kí wọ́n tún un ṣẹ́; bí wọn ò bá sì ṣẹ́ ẹ, Télọ̀ ò ní rún oúnjẹ dáadáa mọ́ láyé. Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá tún pè é ní wíwú, ìyá yìí máa gbà, ọ̀gá àgbà ò sì ní béèrè. Ara rẹ̀ ń fẹ́ kó sọ ọ́. Aláìsàn méjì ṣì ń dúró dè é níta. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbí, àgbọ̀n ló wọ́, àgbà sì ti dé ọjà.

“Kì í ṣe wíwú, Màmá. Èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀.” Ó yíjú sí Télọ̀. “Ẹ kọ ọ́ fún mi, mi ò fetí sí i. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ tú u, kí n tún un tò lónìí. Ó máa dùn yín o.”

Télọ̀ wò ó pẹ́, ojú rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ gba ìwé pélébé náà, ó kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀: Ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ó ti rẹ̀ yín.

Dókítà jókòó.

Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti pa ẹnu náà kú, ó gé àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba òwú tí wọ́n fi ń rán ọgbẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fi í sínú ihò òkè, ó wá ń ti apá iwájú àgbọ̀n bọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí òwú fi kan ihò ìsàlẹ̀.

“Ṣé ibí ni?”

Ó dá ọwọ́ dúró. Ogún ọdún ló ti ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè yìí, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dúró de èsì. Télọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di òwú náà mú létí méjèèjì, ó rọra fà á bó ṣe máa ń fà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ó juwọ́ pé ó kù díẹ̀. Dókítà tì í sí i, kò ju ìbú irun lọ. Télọ̀ tún fà á. Òwú ò yẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ Dókítà lápá pé ibẹ̀ ni, Dókítà sì fi wáyà dì í.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ojú rẹ̀ wú ju ti àárọ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ gbé àgbọ̀n náà síbi ìmọ́lẹ̀. Kò wò ó pẹ́ rárá.

“Ṣọ́bìrì,” ló pè é.

Dókítà gba ibi pátákó kọjá, ó já àwòrán náà. Ó ṣì rẹwà. Lápá ọ̀tún, eegun gun ara wọn díẹ̀, níbi tí gbogbo wọn ti fojú fò ó. Kò sí ẹni tó tọrọ ojú tuntun lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú ló kàn. Ó na fáìlì sí Dókítà. Dókítà gbà á, ó gbé e sórí tábìlì láì ṣí i, ó fa àga, ó jókòó.

“Ẹ sọ fún mi,” ló wí, “báwo ni ojú yín ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀?”