Ẹni Mélòó Ni "Wọ́n"?

Bí ẹ bá ń ka àwọn obìnrin tí ẹnu wọn kì í dákẹ́ ní Port Harcourt lọ́dún 1963, ẹ ní láti ka Àkànkẹ́ Adébíyìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ga, ó sanra, àga ẹyọ kan kì í gba ìdí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ. Ó ní wọ́n kàn ṣíwájú òun lọ gbálẹ̀ ibi tí òun máa sùn ni.

Ṣùgbọ́n bó bá ti mú kálàmù, ẹ̀rín tán nìyẹn. Kíláàsì àwọn àgbà ní ìjọ wọn ló ti kọ́ ìwé, nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti wà nílé ọkọ. Ìtàn ẹ̀rù ló sì ń kọ. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Títì Bonny tẹ mẹ́fà nínú wọn pọ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ, àwọn Yorùbá tó wà ní rélùwéè, ní báńkì àti nílé iṣẹ́ epo sì ń gbà á kà lọ́wọ́ ara wọn. Akọ̀wé báńkì kan, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, wá bá a nílé láti sọ pé òun ò lè dá wọ balùwẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí òun ti kà á.

"Ẹ mú ìyàwó yín dání nígbà náà!" ni Àkànkẹ́ wí. "Àbí èmi ni n ó wá máa bá yín di kànrìnkàn mú?"

Èyí tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù ni ìtàn tó pè ní "Wọ́n Ti Dé". Kò gùn rárá. Obìnrin kan ń retí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ gáàdì ọkọ̀ ojú irin. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìlẹ̀kùn yàrá ṣí, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé, "Wọ́n ti dé. Gbé omi fún wọn ní yàrá." Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ẹni tó ń kàwé á máa rò pé ọkọ obìnrin yìí ló dé, nítorí bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Níparí, ọmọ náà á jáde ní yàrá, á ní, "Ìyá mi, wọ́n ní kí n mú ife mẹ́fà sí i wá." Ibẹ̀ ni ìtàn dúró.

Àkànkẹ́ kò já ìtàn yìí lára igi. Gáàdì ni ọkọ tirẹ̀ náà. Ibà mú un ní Umuahia, wọ́n sì sin ín sọ́hùn-ún kí lẹ́tà tó dé ilé. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́sàn-án ni Àkànkẹ́ fi gbé omi mímu sí ẹ̀gbẹ́ àga fún ọkùnrin tó ti wà nínú ilẹ̀. Ó lè fi eyín rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kó sì ṣínà fún ẹni tó bá fẹ́ bá a dá sí i. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́sàn-án yẹn nìkan ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi rẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ sinimá fi kọ́kọ́ ṣòro fún un láti gbà. Solomon, ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀, ló mú un wá. Ọmọ ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ni, Port Harcourt ni wọ́n bí i sí, ó sì ń bá mọ́tò tó ń gbé sinimá ìmọ́tótó káàkiri abúlé ṣiṣẹ́. Ó ti yá kámẹ́rà.

"Màmá, jẹ́ kí n ṣe ìtàn ẹ ní sinimá," ni Solomon wí. "I go try. Wàá rí i."

Bó ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn. "Màmá, o ti jẹun?" "Màmá, dìde, jẹ́ ká lọ." Pijin ló fi mu ọmú, Yorùbá kàn ń bá a gbé ilé kan náà ni. Ganiyat, ọ̀rẹ́ Àkànkẹ́ tó wà lójúlé kejì, kì í fara mọ́ ọn.

"Àkànkẹ́, ọmọ yìí ń pè ẹ́ ní 'ìwọ' bí ẹni ń lé ewúrẹ́!"

"Jẹ́ kó máa pè mí," ni Àkànkẹ́ á dáhùn. "Ó ń sọ mí di ọmọge. Ìwọ náà wá ẹni tí yóò sọ ẹ́ di ọmọge."

Nígbà tí Àkànkẹ́ gbà níkẹyìn, oṣù mẹ́ta ni Solomon fi ṣe sinimá náà. Ó pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ fún ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ó ní kí Màmá kọ́kọ́ wò ó. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé, wọ́n ta aṣọ ìtẹ́sùn funfun sára ògiri, Ganiyat fi ìdí wọ́ dé iwájú. Sinimá náà kò lóhùn. Solomon ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ tí yóò máa sọ ọ́.

Obìnrin inú ìtàn jókòó. Tíṣà kan tó ń jẹ́ Cecilia ni Solomon fi ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa. Ìlẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọkùnrin méje tò wọlé, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n kun pọ́dà lójú. Mùtíù télọ̀ ló ṣíwájú, ikùn rẹ̀ sì ṣíwájú òun fúnra rẹ̀. Òkú ni, ṣùgbọ́n aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

Ganiyat pariwo ẹ̀rín. Àkànkẹ́ rín títí ìtọ̀ díẹ̀ fi bọ́, ó sì sọ ọ́ síta pé ìtọ̀ ti bọ́ o, kí wọ́n bá òun mú ìró mìíràn. Lọ́jọ́ kejì inú sinimá, àwọn méje tún wọlé. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn méje tún wọlé. Nígbà tí ọmọbìnrin kékeré wá jáde, tí Solomon ní ó ń bèèrè ife mẹ́fà sí i, kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lè ka ení, èjì, ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Àkànkẹ́.

"Solomon, kí ló dé tí àwọn òkú wọ̀nyí fi wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Ìwọ lo kọ ọ́!" Solomon ṣí ìwé náà. "Wò ó. 'Wọ́n ti dé.' Dem don come. Dem no fit be one person. Ife kan, plus mẹ́fà, na seven. Mo wá wá èèyàn méje."

Ganiyat ló dá a lóhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ọmọ tó ń pè ẹ́ ní 'ìwọ' láti ìgbà tó ti ń rá kòrò, níbo ni kó ti mọ̀ pé 'wọ́n' lè jẹ́ ẹnì kan?"

"Ganiyat, ó tó."

"Kò tó. Lọ́la, ìlú á fi ọkọ ẹ rẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àkànkẹ́ lára ju bí Ganiyat ṣe rò lọ. Ó fa àga súnmọ́ Solomon. "Gbọ́, ọmọ mi. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bàbá ìyá ẹ, báwo ni mo ṣe ń sọ ọ́? Wọ́n jẹun. Wọ́n sùn. Wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ìyẹn."

Solomon tún wo ìwé náà. "So the woman think say na her husband."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọmọ náà ò tíì bèèrè ife. And since, seven people dey inside the room."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Solomon fọwọ́ pa apá rẹ̀, gbogbo irun ibẹ̀ ti dìde. "Jesus," ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Màmá, mo lè yọ mẹ́fà kúrò, kí n fi Mùtíù nìkan sílẹ̀."

Àkànkẹ́ ronú sí i. "Tó o bá fi ẹnì kan hàn, irọ́ lo pa. Tó o bá fi méje hàn, o ti tú àṣírí rẹ̀. Ìwé mi ò fi ẹnikẹ́ni hàn." Ó gbá ara rẹ̀ níkùn. "Èmi náà gọ̀ o! Mo rò pé sinimá á ka ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń kà á. Kò mọ̀ ọ́n kà, wíwò ló ń wò. Yọ gbogbo wọn. Fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀, fi ojú Cecilia sílẹ̀, fi ọmọ àti ife omi sílẹ̀."

Wọ́n ṣí fèrèsé. Àkànkẹ́ na fíìmù sókè sí ìmọ́lẹ̀, Solomon fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ègékù Mùtíù ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́wẹ́. "Mùtíù, forí jì mí," ni Àkànkẹ́ ń wí bó ṣe ń gbá a jọ.

Ó ku ohun kan. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń bọ̀; àwọn Igbo, àwọn Ikwerre àti àwọn Ijaw ń bọ̀ pẹ̀lú, Pijin sì ni Solomon yóò fi sọ ọ́. Bó bá ti sọ pé "Dem don come", àṣírí tú. Àkànkẹ́ wá inú orí rẹ̀ títí, kò rí aṣọ tí yóò fi bo ọ̀rọ̀ náà nínú Pijin. Solomon ló rí i.

"Papa don come," ló wí, ó rọra sọ ọ́. "Carry water give am. N ò ní í sọ 'dem' rárá, àfi níparí."

Àkànkẹ́ tọ́ ọ wò lẹ́nu. Give am. Dem say. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ náà bo ojú láti òkè délẹ̀. Níbí, yóò yíjú padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ó dáa," ló wí. "Ó burú, ó dáa."

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Mùtíù wà níwájú pẹ̀lú ìyàwó méjì àti ọmọ márùn-ún, gbogbo wọn wá wò ó. Ìlẹ̀kùn ṣí lára aṣọ funfun, ẹnikẹ́ni kò wọlé. "Papa don come," ni Solomon wí. "Carry water give am."

"Solomon, èmi dà?" ni Mùtíù kígbe.

Gbọ̀ngàn búsẹ́rìn-ín. Àkànkẹ́ wo ilẹ̀, ojú inú rẹ̀ sì rí àga ìrọ̀lẹ́ mẹ́sàn-án yẹn àti omi tí ẹnikẹ́ni kò mu.

Ìlẹ̀kùn tún ṣí. Cecilia wòkè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹ̀rín gbọ̀ngàn dínkù. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin kékeré gbé ife wọ yàrá, ìlẹ̀kùn sì dúró bẹ́ẹ̀, ó pẹ́, ó pẹ́ jù. Mùtíù pàápàá ti dákẹ́. Ọmọ náà jáde. Solomon kò gbé ohùn sókè.

"Mama, dem say make I bring six more cup."

Láti ẹ̀yìn, Ibiere, obìnrin Ijaw tó ń rán aṣọ ìjọ, pe Ọlọ́run ní èdè rẹ̀, "Tamuno!" wẹ́rẹ́, bí ẹni tí nǹkan gún. Mùtíù bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ rẹ̀. Ganiyat di ọwọ́ Àkànkẹ́ mú débi pé òrùka wọ ọ́ lára, Àkànkẹ́ kò sì já a gbà. Ó ń wo ìlẹ̀kùn náà títí ìmọ́lẹ̀ fi kú lára aṣọ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó délé, ilẹ̀ ń ṣú bọ̀, kò sì tíì tan àtùpà. Ó jókòó, ó ń bọ́ bàtà tó ti ń fún un láti aago mẹ́rin. Solomon ti lọ dá ẹ̀rọ padà. Ó pẹ́ díẹ̀, ó wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ti ń kọ́ nǹkan sórí bọ̀ láti títì, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Àkànkẹ́ fò dìde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wo abẹ́ tábìlì.

"Èmi àti ta ni?"

"Ìwọ... ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ̀yin nìkan."

Àkànkẹ́ di àyà mú, ẹ̀rín ti ń gbọ̀n ọ́n níkùn. "Tan iná ná, ọmọ yìí," ló wí. "Tan iná ná, kó o tó máa bọ̀wọ̀ fún mi."