Ogún Tí Ó Pè Ní Mẹ́ta

Mẹ́ta kẹ̀. Mẹ́ta tí kì í ṣe mẹ́ta — ojú mi kò kúkú fọ́. Dáìsì olójú ogún yí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tí Máyọ̀wá fi bo iwájú ara rẹ̀, ó dúró sídìí ife tíì mi, ogún ló sì wà lójú rẹ̀. Ogún. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti mú un. "Mẹ́ta ni, mà. Kùmọ̀ òmìrán kàn ra yín lára ni." Òmìrán tó ga ju òpó iná lọ, tó fi èjìká wó odi ìlú... ó kàn ra mí lára.

Èmi náà, kí ni mo wí? "Ó dáa." Kí ló dáa níbẹ̀?

Kí n rọra. Kí n tún un rò.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, mo ti kírun Alásàrí, a wà ní pálọ̀ Máyọ̀wá ní Kemta bí a ṣe ń wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́fà. Máyọ̀wá ló ń darí eré ìtàn tí à ń fi ẹnu àti dáìsì ṣe: òun ni òmìrán, òun ni odi, òun ni òjò. Ummulkulthum, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni oníwòsàn. Jedidiah tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, oṣó ni. Ẹ̀yìn ló ń dúró sí, ó ń ju iná láti òkèèrè kí aṣọ rẹ̀ má baà dọ̀tí. Èmi ni Arógunyọ̀, alááké. Iṣẹ́ tèmi ni kí n sún mọ́ ọ̀tá títí n ó fi gbóòórùn ẹnu rẹ̀, kí n sì là á. Èmi ni mo yàn án. Wọ́n ní, "Aǹtí Sàfú, ẹ ò ṣe mú oníwòsàn, ó bá yín mu." Ó bá mi mu — torí mo ti lé ní àádọ́ta, àbí? Mi ò ka sẹ́kọ́ńdírì parí, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé ni mò ń tà ní Ṣàpọ́n, ṣùgbọ́n mo ka ìwé òfin eré yìí láti páálí dé páálí, pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ohun tó sọ nípa alááké kò ju ìlà kan lọ: iye ọgbẹ́ tó bá gbà ni yóò fi kún àáké rẹ̀ nígbà tó bá tún kàn án.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a tó ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń wúwo tó. Kí ni alááké fẹ́ fi mẹ́ta ṣe?

Nígbà tí òmìrán gbá Jedidiah, mẹ́tàdínlógún ni, ó sì pè é ní mẹ́tàdínlógún, ó tún ń fi í rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá oníná, ó dàárọ̀ o." Tó bá kàn mí — méjì, mẹ́rin, mẹ́ta. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Òmìrán wo ló ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, mà? Oṣù mẹ́fà ni mo fi rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Jedidiah á ní, "Àáké Aǹtí yìí, ilá ni ká máa fi í rẹ́," gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín... Ummulkulthum á na ọwọ́ ìwòsàn, kò ní rí nǹkan kan wò lára mi.

Ìwé ni. Pẹ́ńsù ni. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kò lè na àgbàlagbà, ì báà ṣe nínú ìtàn. Mo mọ̀. Ilé ire ló ti wá. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí — Máyọ̀wá, ogún ni mo rí — ojú á tì í níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí n ò bá sì sọ ọ́, òmìrán yìí á jó ìlú náà lónìí, n ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àáké bí ẹni tó wá kí wọn nílé.

Wọ́n ń pè é ní ọ̀wọ̀. Olè ni. Ọgbẹ́ mi ni wọ́n ń jí. Ta ló fún un láṣẹ láti máa wọn ohun tí agbára mi ká fún mi? Ta ló bi mí léèrè?

Ta ló...

Dúró ná.

Ta ló bi Màámi léèrè?

Lọ́la ni mò ń lọ kí i ní Odeda. Láwàlì, àbíkẹ́yìn rẹ̀, àbúrò mi — ó kú nínú àwẹ̀ tó kọjá, oṣù mẹ́wàá rèé. Àwa ọmọ jókòó, a fẹnu kò: ẹni ọgọ́rin ọdún ò gbọdọ̀ gbọ́ irú èyí. Èmi gan-an ni wọ́n rán. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Láwàlì ti lọ sí Dùbáì, Màámi. Iṣẹ́ ló yá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ni kò dáa."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa."

Ohùn yẹn. Ohùn tí mo fi dá Máyọ̀wá lóhùn lẹ́ẹ̀kan nìyẹn gẹ́lẹ́.

Láti Iléyá kò bèèrè rẹ̀ mọ́. Mo ní ọjọ́ ogbó ni, ó ti ń gbàgbé — mo tún dúpẹ́. Àti mọ́sà tó ń dín ní gbogbo Jímọ̀, tó ń pín fún àwọn ọmọ kéwú... Mo bi í, "Sàárà ta nìyí, Màámi?" Ó ní, "Sàárà náà ni. Jẹ tìẹ." Mo jẹ ẹ́. Mo jókòó lórí ẹní rẹ̀, mo jẹ mọ́sà sàárà àbúrò mi, mo lá ọwọ́ mi, mo ní ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Ọgbẹ́ tí a ní kò sí, ta ni yóò wò ó?

"Ó kàn yín, mà." Máyọ̀wá ni. Ó ti to páálí rẹ̀ padà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ọmọ dáadáa. Dáìsì ti gbóná lọ́wọ́ mi. N kò tíì jù ú.

Màámi rí i. Ọjọ́ tí mo wá purọ́ fún un gan-an ló ti rí i. Oṣù mẹ́wàá ni Màámi fi ń gbé ogún, òun nìkan, kí ojú má baà tì mí pé mo pè é ní mẹ́ta.